Kùdìẹ̀-kudiẹ ni, àbí ìdí àtikúrò? Ìfiwéra fún àwọn tó ń fẹ́ra sọ́nà

Abọ́ gààrí ló fa ìjà àkọ́kọ́ tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi jà. Ọjọ́ Sátidé ni. Ó mu gààrí tán lọ́sàn-án, ó gbé abọ́ sórí àga, kò bu omi sí i. Nígbà tí mo fi máa dé nírọ̀lẹ́, gààrí ti gbẹ mọ́ abọ́ bíi símẹ́ńtì, èèrà ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga. Mo bínú débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ní mi ò fẹ́ ẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ a ti mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí n rojọ́ tán, ó wá bi mí pé, "Nígbà tó o sọ fún un, kí ló ṣe?"

Ohun tó ṣe ò ju pé ó ní kí n má bínú, ó sì gbé abọ́ lọ rẹ sínú omi. Ó tún gbàgbé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọdún 19 rèé, ó ṣì ń gbàgbé.

Lásìkò yẹn gan-an, ọ̀rẹ́ mi kan ń fẹ́ ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń yìn. Ara rẹ̀ mọ́, kì í pẹ́ dé òde, ìdọ̀bálẹ̀ gbọọrọ ló fi ń kí bàbá ọ̀rẹ́ mi. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ti òde ìyàwó bọ̀, ó ní kó gbé fóònù rẹ̀ wá. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ó sì pa nọ́ńbà ọkùnrin mẹ́ta rẹ́. Àbúrò ìyá ọ̀rẹ́ mi ni ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní ìfẹ́ ló ń pa á. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Abọ́ gààrí ni mo ń bínú sí lọ́dún yẹn, mi ò bínú sí fóònù.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí àléébù ẹni tí à ń fẹ́ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Èyí tó ń bíni nínú jù lè jẹ́ èyí tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, èyí tó sì ń pani lẹ́rìn-ín lè jẹ́ òun gan-an ni ewu. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé wọn kalẹ̀ ní méjì-méjì, kí ẹ wo ohun tó jọra àti ibi tó ti yàtọ̀. Kùdìẹ̀-kudiẹ ni mo ń pe èyí tí èèyàn lè bá gbé tó bá tilẹ̀ ń ráhùn. Ìdí àtikúrò ni èyí tó jẹ́ pé, tí ẹ bá ti rí i, ẹ má ṣe mú ọjọ́ ìdána.

Ohun tí àwọn àgbà ń béèrè

Àwọn baba wa ní ètò tiwọn. Lẹ́yìn ìfojúsóde, alárinà ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, ẹbí méjèèjì yóò sì ṣe ìwádìí kí wọ́n tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé orí ìtọrọ àti ìdána. Wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà nínú ẹbí yẹn, bóyá ẹ̀tẹ̀ tàbí wárápá, bóyá olè ni wọ́n, bóyá gbèsè ti wọ ilé náà, bóyá ọmọ náà ya ọ̀lẹ. N ò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n béèrè bóyá ó ń hanrun.

Àwọn kan nínú ohun tí wọ́n ń béèrè ti di ohun àná. Oògùn ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn pátápátá lónìí, wárápá kì í ranni, oògùn sì wà tó ń ká a lọ́wọ́ kò. Ẹni tó bá torí ìyẹn nìkan kọ èèyàn rere sílẹ̀ ti ṣe àṣìṣe, tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá kò tíì yí padà: kí ló wà níbẹ̀ tí ìfẹ́ kò lè tún ṣe?

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà, John Gottman, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí tọkọtaya ṣe ń bára wọn jà, ní Yunifásítì Washington tó wà ní Seattle. Ohun tó rí ni pé nínú ohun 100 tí tọkọtaya ń torí rẹ̀ jà, nǹkan bí 69 kò ní tán láéláé. Wọ́n á máa bọ̀, wọ́n á máa lọ, títí ọjọ́ alẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ abọ́ gààrí. Ohun tó ní ó ń tú ìgbéyàwó ká jù ni kí ẹnì kan máa fojú tín-ín-rín ẹnì kejì: kó máa pòṣé nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, kó máa sín in jẹ, kó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú èèyàn. Pòṣé ò dún tó ariwo, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i dáadáa.

Ìbínú: ẹni tó ń pariwo àti ẹni tó ń dẹ́rù bani

Ọ̀rọ̀ tó gba àkókò jù nìyí, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń ṣìnà jù.

Àwọn èèyàn wà tí ohùn wọn ga. Tí iná bá lọ, wọ́n á pariwo. Tí ọkọ̀ bá kọ̀ láti gbéra, wọ́n á pariwo. Tí ẹ bá bá wọn jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, ará ilé kejì á gbọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á ní kí lẹ fẹ́ jẹ. Ó máa ń rẹni, àgàgà ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé jẹ́jẹ́. Kùdìẹ̀-kudiẹ ni. Ẹ lè sọ fún un pé kó rẹ ohùn sílẹ̀, yóò sì gbìyànjú.

Àwọn mìíràn wà tí ẹ ò ní gbọ́ ohùn wọn rárá. Ọ̀kan nínú wọn fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fẹ̀yìn tì, ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí etí rẹ̀, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ṣó o rí ohun tó o jẹ́ kí n ṣe?" Kò fọwọ́ kan ọmọbìnrin náà. Ihò wà lára ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń sọ pé kò tíì lù ú, kó gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ó lu ilẹ̀kùn, ó sì di ẹ̀bi rù ú. Ìdí àtikúrò ni, lọ́jọ́ yẹn, láìdúró de ìgbájú.

Tí ìgbájú bá sì ti wáyé, kò sí ohun tí à ń fi wéra mọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á sunkún, wọ́n á ra bàtà, ìyá wọn á wá bẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà kan á ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀jẹ̀ sínú, kẹ́ ẹ tutọ́ funfun jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n mi ò gba èyí. Ojú tí yóò báni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Ẹni tó ń lu àfẹ́sọ́nà tí kò tíì kó dé ilé rẹ̀, kí ni yóò ṣe nígbà tó bá ti kó dé? Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ obìnrin nìkan. Ọkùnrin tí obìnrin ń lù wà, ìtìjú ni kì í jẹ́ kó sọ.

Òfin wà fún èyí. Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé láti 2007, òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá jáde ní 2015, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá yòókù sì ti ṣe tiwọn. Ní Èkó, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá abẹ́lé ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́: 08000 333 333.

Owó: ahun àti ẹni tó ń fi owó deni mọ́lẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé tó bá lọ ra tòmátì ní ọjà Bódìjà, á ná an títí ẹni tó ń tà á á fi rẹ́rìn-ín. Á kúrò, á padà, á tún kúrò. Oúnjẹ ilé ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń ráhùn pé òun ò tíì jẹun níta rí láti ìgbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé àwọn ọmọ kì í pẹ́, ìyàwó náà sì mọ iye tó wà ní báńkì dé orí kọ́bọ̀. Ahun ni ẹ óò pè é. Mo gbà. Ẹ lè bá a gbé.

Ẹ fi í wé ẹni tó ń náwó fún yín bí omi, ṣùgbọ́n tó ní kí owó oṣù yín máa wọ àkáǹtì tòun. Tàbí ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí òun á máa tọ́jú yín, tí ẹ ó sì máa tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin 2015 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ka fífi owó sọ èèyàn di ẹrú mọ́ ìwà ipá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbèsè wà láàárín méjèèjì. Kí èèyàn jẹ gbèsè kò burú, ta ni kò yáwó rí nílùú yìí? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni bí ẹ ṣe gbọ́. Tó bá jókòó tì yín, tó ní, "Kọ́ọ̀póréétìfù ń gé owó lára owó oṣù mi títí di ọdún tó ń bọ̀," ìṣirò ni ẹ jọ máa ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ìdójútì láti ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù onígbèsè, ni ẹ fi mọ̀, tí ẹ bi í, tó ní irọ́ ni, tí òmíràn tún dé lọ́sẹ̀ kejì, irọ́ yẹn ni ìdí àtikúrò, kì í ṣe iye owó.

Ìyá ọkọ, ìyá ìyàwó

Ó ń pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó ra bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ọbẹ̀ yín dùn àmọ́ ti ìyá òun ní irú púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irú sí i. Kùdìẹ̀-kudiẹ nìyẹn, ọjọ́ orí á gba púpọ̀ nínú rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá bá ti sọ̀rọ̀ tó dùn yín. N ò ní kó bá ìyá rẹ̀ jà lójú gbogbo ayé. Ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó dákẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò ní bímọ. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó tọ ìyá rẹ̀ lọ sí kíṣìnnì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i mọ́. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni." Ohun tó ṣe tó. Ẹni tó máa wo fóònù rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bú yín, tó tún máa bi yín nínú ọkọ̀ pé kí ló dé tí ẹ fajú ro, yóò máa wo fóònù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, lọ́jọ́ àìsàn, lọ́jọ́ gbogbo.

Jẹ́nótáìpù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ṣẹ̀

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, ìwà ni. Èyí kì í ṣe ìwà, òun ló sì dun ọkàn jù láti kọ. Èèyàn lè pé lójú yín, kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò bára mu.

Jẹ́nótáìpù ni irú ẹ̀jẹ̀ tí a jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá: AA kò ní wàhálà, AS gbé àbùdá àìsàn sickle cell láìjẹ́ pé ó ń ṣàìsàn náà, SS ló ní àìsàn náà gan-an. Ó tó èèyàn 1 nínú 4 ní Nàìjíríà tó jẹ́ AS. Tí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá 25 nínú 100 láti jẹ́ SS, ìdá 50 láti jẹ́ AS, ìdá 25 láti jẹ́ AA. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí. Àwọn kan rò pé tí àwọn bá ti bí SS kan, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nínú ewu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́ lọ́tun ni. Ẹ má sì gbàgbé AC, ẹni tó gbé àbùdá C dípò S: AS àti AC lè bí SC, àìsàn ni òun náà. Ọ̀pọ̀ gbà pé lára àwọn ọmọ tí àwọn baba wa pè ní àbíkú láyé àtijọ́, SS ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni.

Ní ti èyí, bí ẹ ṣe fẹ́ràn ara yín tó kò lè yí ìṣirò náà padà. Mo ti rí ìyá tó gbé ọmọ ọdún mẹ́fà pọ̀n lóru, tí ọmọ náà ń ké pé kó bá òun yọ egungun ẹsẹ̀ òun kúrò. Ẹni tó jẹ́ SS kì í ṣe ẹni ègbé. Wọ́n wà lára àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́mọ. Àwọn gan-an ló máa ń sọ fún mi pé ká kọ ọ́ kó hàn gbangba. Àwọn tọkọtaya AS kan ti pinnu pé àwọn ò ní bímọ, àwọn kan ń gba ọmọ tọ́, àwọn tó lówó gan-an sì ń jẹ́ kí dókítà yẹ ọlẹ̀ wò kó tó wọ inú ìyá. Tí ẹ ò bá sí nínú wọn, ìdí àtikúrò ni, kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọra yín, ní yàrá àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ láti ilé ìwé kò tó. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti tẹ káàdì ìgbéyàwó kí àyẹ̀wò kejì tó tako èkíní.

Àwọn tí kò gba àlàyé púpọ̀

| Ohun tí ẹ rí | Kùdìẹ̀-kudiẹ ni tí | Ìdí àtikúrò ni tí |
|---|---|---|
| Pípẹ́ dé | gbogbo ayé ló ń pẹ́ dé bá, ọ̀gá rẹ̀ pàápàá | ẹ̀yin nìkan ló ń pẹ́ dé bá, tí kò sì lè sọ ibi tó wà |
| Fóònù | kì í gbé e sílẹ̀ tó bá ń jẹun | ó ń gba tiyín yẹ̀ wò, tàbí ó ń sá lọ síta dáhùn tirẹ̀ |
| Ọtí | ó ń mu ún lóde, ó ń sùn | ọtí ń sọ ọ́ di ẹlòmíràn, ó sì ń gbàgbé ohun tó ṣe |
| Àwàdà | àwàdà rẹ̀ kò pa yín lẹ́rìn-ín | ẹ̀yin ni àwàdà náà, níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ |
| Ìdákẹ́ | ó ń dákẹ́ títí ìbínú fi lọ, ó sì padà wá sọ̀rọ̀ | ó ń fi ìdákẹ́ jẹ yín níyà títí ẹ ó fi bẹ̀ ẹ́ |

Ti ẹ̀sìn ò pọ̀ lọ títí. Ilẹ̀ Yorùbá ni a wà. Inú agbolé kan náà ni a ti ń jẹ ẹran iléyá àti ìrẹsì kérésì. Kí ó máa lọ ìṣọ́ òru ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tàbí àsàlátù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ lè bá a ṣètò. Ṣùgbọ́n tó bá ti ní ọjọ́ ìgbéyàwó ni ẹ máa yí orúkọ padà, ẹ gbà á gbọ́. Má ṣe rò pé eré ló ń ṣe.

Ti àtilọ sókè òkun náà rèé, nítorí ó ti tú ọ̀pọ̀ ká láàárín ọdún mélòó kan yìí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2024, ìjọba Bìrìtìkó kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè mú ọkọ tàbí ìyàwó dání mọ́, àfi àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti díẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó ní òun á lọ kàwé kí ẹ wá bá òun, ẹ jọ ka ìwé òfin náà kẹ́ ẹ tó dáhùn. Kó máa lá àlá ìlú òyìnbó kò burú. Kó ti gba físà, kó ti san owó ilé ìwé, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò rẹ̀, ìyẹn ti fi ibi tó fi yín sí hàn.

Tí ẹ bá ti mọ̀

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi ni kẹ́ ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n: nígbà tí ẹ sọ fún un, kí ló ṣe? Ẹ fi èyí kún un: ta ni ẹ ò pè mọ́, ibo ni ẹ ò lọ mọ́, láti ìgbà tí ẹ ti ń fẹ́ ẹ? Abọ́ gààrí kò dín ọ̀rẹ́ mi kankan kù.

Tí ó bá jẹ́ ìdí àtikúrò, ẹ má dúró de ọjọ́ ìdána torí pé wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn. Ìgbéyàwó kóòtù ní Nàìjíríà wà lábẹ́ òfin 1970 tí kò gbà kí èèyàn gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wá kó tó pé ọdún 2, yàtọ̀ sí àwọn ìdí kan, àfi tí kóòtù bá fún un láyè. Ẹ sọ fún àgbà kan nínú ẹbí yín tí kì í bẹ̀rù ẹjọ́, kí ó bá yín lọ. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù ẹni náà, ẹ má ṣe dá lọ sọ fún un nínú yàrá rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi padà lọ bá ọkùnrin náà. Ó sọ fún un pé àbúrò ìyá òun ni ọ̀kan nínú nọ́ńbà tó pa rẹ́, kó má dán an wò mọ́. Ọkùnrin náà kò gbé ìpè rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ránṣẹ́ pé kó wá bẹ òun. Ọ̀rẹ́ mi gbé fóònù náà lọ fún bàbá rẹ̀, bàbá kà á, ó yọ awò ojú, ó ní, "Wọlé lọ jẹun."

Wọ́n ti ra aṣọ ẹbí nígbà yẹn, léèsì aláwọ̀ ewé. Ìyá rẹ̀ ní kí kálukú máa rán tirẹ̀. Mo ṣì ń wọ tèmi.